Kì Í Ṣe Gbogbo Ọrùn Gìtá Ló Ń Fẹ́ Epo



Ní ìlú Detroit, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí kì í fọ gìtá rẹ̀. James Jamerson lorúkọ rẹ̀. Òun ló ta béèsì nínú ọ̀pọ̀ orin tí ilé-iṣẹ́ Motown gbé jáde láyé 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970: “My Girl” wà níbẹ̀, “What’s Going On” ti Marvin Gaye náà wà níbẹ̀. Béèsì Fender Precision tí wọ́n ṣe lọ́dún 1962 ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ pé kì í pààrọ̀ okùn àfi tó bá já, kì í sì í fọ ọrùn gìtá náà rárá, torí ó gbà pé inú èérí yẹn gan-an ni adùn wà. Lọ́dún 1983, wọ́n jí béèsì yìí gbé. Ọdún yẹn kan náà ni Jamerson kú.

Ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ oníbéèsì fi ń gbèjà ara wọn lónìí. Tí olórí ẹgbẹ́ akọrin bá bèèrè pé kí ló dé tí ọrùn gìtá ìjọ fi ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, kíá ni wọ́n á dáhùn pé Jamerson ò fọ tirẹ̀. Àwáwí ni. Okùn tí Jamerson ń lò kì í ṣe irú èyí tó wọ́pọ̀ lóde báyìí. Okùn tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ wé ni, ara rẹ̀ ń dán, kì í ha ìka. Bí irú okùn bẹ́ẹ̀ bá ti pẹ́ lórí gìtá, ohùn rẹ̀ á balẹ̀, á máa dún kì, kì, kì, kò ní dún ṣanṣan mọ́. Ohùn tí Motown fẹ́ nìyẹn, ara okùn ló sì ti wá. Èérí tó wà lójú igi, lábẹ́ okùn, kò fi nǹkan kan kún orin náà.

Pátákó pẹlẹbẹ tó wà lójú ọrùn gìtá, tí ìka ń rìn lé lórí, ni àwọn olórin ń pè ní fretboard. Àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú rẹ̀ ni fret. Kí ẹni tó ní gìtá gbé e súnmọ́ iná, kó wo ìdí fret kìíní sí ìkẹta dáadáa, níbi tí ọwọ́ òsì ti ń pẹ́ jù. Yóò rí ìlà dúdú kan tó dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Tó bá fi èékánná ha á, á ṣí ní ìpẹ́pẹ́. Òógùn ni, pẹ̀lú òróró ara, awọ tó ti kú lórí ìka, àti eruku. Nígbà mìíràn, àwọ̀ ewé á wà nínú rẹ̀. Ìyẹn wá láti ara fret fúnra rẹ̀, nítorí bàbà wà nínú irin tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ fret, iyọ̀ inú òógùn ló sì ń jẹ bàbà yẹn. Èérí yìí máa ń di ọ̀rinrin mú, okùn á tètè dípẹtà, ìka kò sì ní lè yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn mọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ òógùn ni gìtá títa. Nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè mú gìtá tó ń lo iná wọ inú orin jùjú. Nígbà tó fi máa di ayé Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè to onígìtá mẹ́ta, mẹ́rin sórí ìtàgé. Àríyá àṣemọ́jú sì ni. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ta á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Olówó á dìde, á máa lẹ náírà mọ́ olórin níwájú orí, owó náà á sì lẹ̀ dáadáa nítorí òógùn ti bo gbogbo ojú. Òógùn yẹn náà ló ń ṣàn dé ọwọ́, tó ń ti ọwọ́ bọ́ sórí igi. Láàárín orin kan sí èkejì, ẹran díndín á kọjá, ọwọ́ á tún padà sórí okùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, gìtá á wọ inú àpò rẹ̀ bó ṣe wà, á sùn síbẹ̀ di Sátidé tó ń bọ̀.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì tún burú ju ìyẹn lọ, torí gìtá ìjọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀dọ́ tó ta á ní ìsìn àárọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ta á níbi ìdánrawò ọjọ́rú, ìkẹta sì ń fi kọ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa nù ún, nítorí kò sẹ́ni tó ni ín.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú aṣọ tàbí ìgò epo, ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀: irú igi wo ló wà lójú ọrùn yìí, ṣé wọ́n sì ti fi fáníṣì bò ó? Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbọ́ pé epo dára fún ọrùn gìtá, wọ́n á sì lọ da epo sórí igi tí epo kò lè wọ̀ láéláé.

Igi maple ni a ń wí. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni Leo Fender fi ṣe ọrùn béèsì Precision àkọ́kọ́ lọ́dún 1951, igi kan ṣoṣo láìsí pátákó mìíràn lójú rẹ̀, ó sì fi fáníṣì bo gbogbo rẹ̀. Títí dòní, fáníṣì ni wọ́n ń fi bo ọ̀pọ̀ jù lọ maple. Epo tí wọ́n bá dà sórí rẹ̀ kò ní ibi tó máa gbà wọlé; á kàn jókòó sókè, á máa yọ̀, á sì máa kó eruku jọ. Aṣọ tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, lẹ́yìn náà aṣọ gbígbẹ, ó parí. Láti 1958 sí 1959 ni Fender bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ rosewood mọ́ ojú ọrùn, nítorí náà béèsì 1962 ti Jamerson tí a ń sọ lẹ́ẹ̀kan, rosewood ló wà lójú rẹ̀. Àwọn gìtá maple ayé 1950 tí fáníṣì wọn ti jẹ, tí èérí ti wọ inú igi tó fi di eléérú, owó gọbọi ni àwọn olùkójọ ń rà wọ́n báyìí. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kó má ṣe fọwọ́ kan án.

Rosewood kò ní fáníṣì lójú. Igi gidi ni ìka ń tẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Òun ni epo wúlò fún níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n igi yìí ti di ohun tí òfin ń ṣọ́. Láti 1992 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ká òwò rosewood ilẹ̀ Brazil lọ́wọ́ kò pátápátá. Nígbà tó di January 2017, àdéhùn náà fi ọwọ́ òfin mú gbogbo ìdílé igi náà, débi pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi gìtá ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní láti gba ìwé. Ìpàdé Geneva ọdún 2019 ló yọ ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe tán kúrò nínú wàhálà yẹn. Ti Brazil nìkan ló ṣì wà níbi tó wà. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn tó ń ṣe gìtá ti wá igi mìíràn. Fender mú pau ferro, ó sì fi laurel ilẹ̀ Íńdíà sára ọ̀pọ̀ gìtá Squier tirẹ̀ tí kò wọ́n. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ra gìtá àkọ́kọ́ lónìí, laurel ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Laurel máa ń gbẹ lójú ju rosewood lọ, ó sì máa ń gba epo ju òun náà lọ.

Èyí tó kù ni ẹ́bónì, igi dúdú kirikiri tó wúwo, tí wọ́n ń lò fún gìtá olówó ńlá àti fún fayolíìnì. Apá kan tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Cameroon wá. Lọ́dún 2011, ilé-iṣẹ́ Taylor Guitars ti California àti Madinter ti Spéènì dìjọ ra ilé ìlagi kan ní Yaoundé tí wọ́n ń pè ní Crelicam. Ohun tí Bob Taylor, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Taylor Guitars sílẹ̀, gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gé igi níbẹ̀ bà á lọ́kàn jẹ́. Ojú tí èèyàn fi ń wo igi náà lóòró kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àfi kí wọ́n gé e lulẹ̀. Tí wọ́n bá gé e tán, tí wọ́n rí i pé ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú wà nínú dúdú rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó jẹrà nínú igbó, torí kò sẹ́ni tó máa rà á. Nǹkan bí igi kan nínú mẹ́wàá ló ń dúdú tó bí ọjà ṣe fẹ́. Ẹ rò ó wò: igi mẹ́sàn-án tí ìran àwọn bàbá bàbá wa ti bá lórí ìdúró, wọ́n gé e, wọ́n kọjá lórí rẹ̀. Taylor pinnu pé ilé-iṣẹ́ òun á máa lo èyí tó ní ìlà náà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ́bónì tuntun pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Lónìí, ẹ́bónì onílà ti di ohun tí àwọn olórin mọ̀, tí wọ́n sì ń rà.

Síbẹ̀, ojú ọjà ò tíì kúrò lára dúdú. Àwọn kan ṣì ń fi aró dúdú kun ẹ́bónì kí gbogbo wọn lè jọra. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fọ ẹ́bónì fi lè rí i pé aṣọ ọwọ́ òun dúdú, ó nù ún, aṣọ tún dúdú, ó tún nù ún. Ó rò pé èérí ò tíì tán. Àṣé aró ló ń bọ́. Rosewood náà máa ń fi àwọ̀ ilẹ̀ pupa sára aṣọ tútù, bó ti wù kó mọ́ tó. Tí ojú igi bá ti dán, tí ẹ̀gbẹ́ fret bá ti mọ́, kí ẹni tó ń fọ ọ́ dúró.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń fọ ọrùn gìtá. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ okùn ló dára jù, nítorí kò sóhun tó máa dí ọwọ́ lọ́nà. Lórí ọ̀pọ̀ jù lọ gìtá, kò séwu nínú yíyọ gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan fún wákàtí kan, méjì. Àfi gìtá tí afárá rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ara, tó jẹ́ pé okùn ló mú un dúró, àti èyí tó ní afárá alásípíríǹgì: ti àwọn yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa yọ okùn.

Aṣọ gbígbẹ ló ń ṣáájú, síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti rọ̀ dáadáa. Ó máa ń yani lẹ́nu bí èyí nìkan ṣe ń kó ìdajì èérí lọ. Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, ní ìdí fret kọ̀ọ̀kan. Fún èyí tó bá ti gan, káàdì ATM tó ti kú wúlò púpọ̀: kí wọ́n fi igun rẹ̀ gbẹ́ ìdí irin náà jẹ́jẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ike ni, kò ní ha igi. Ọ̀bẹ àti abẹ kò ní àyè kankan níbi iṣẹ́ yìí. Tó bá tún kù, kí wọ́n rẹ aṣọ sínú omi, kí wọ́n fún un títí ẹ̀kán omi kan kò fi ní jábọ́ mọ́, kí wọ́n nu ibì kan, kí wọ́n sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Omi tó bá pẹ́ lójú igi á wọ inú ihò tí wọ́n kan fret sí.

Àwọn tó ń tún gìtá ṣe máa ń lo naphtha, epo tí wọ́n ń rọ sínú láítà. Ó ń yọ òróró ara dáadáa, ó sì ń gbẹ kíá. Ṣùgbọ́n ó ń tètè gbiná, nítorí náà ojú fèrèsé ni, kò sí sìgá, kò sí àdògán nítòsí. Sípíríìtì yẹ kó jìnnà: ó ń ba fáníṣì àtijọ́ jẹ́, ó sì ń fa aró jáde lára ẹ́bónì.

Steel wool náà wà, èyí tó kúnná jù, tí wọ́n kọ 0000 sí lára páálí rẹ̀. Ó ń mú kí fret kọ mànà, ó sì ń mú ojú rosewood dán. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń bọ́ ní ẹ̀rún irin wẹ́wẹ́, òòfà sì wà nínú pickup tó ń gba ohùn okùn. Gbogbo ẹ̀rún yẹn á lọ lẹ̀ mọ́ ọn, yíyọ wọn sì le. Kí wọ́n fi téèpù oníbébà bo pickup kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lórí maple tó ní fáníṣì, kí wọ́n má dán an wò. Á bu dídán fáníṣì náà kù.

Ìgbà yìí ni epo tó kàn, bí igi bá jẹ́ èyí tó ń fẹ́ ẹ. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin lábẹ́ orúkọ lemon oil, mineral oil ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n kàn fi òórùn lẹ́mọ́ọ̀nù sí i. Ìran kan náà ni pẹ̀lú liquid paraffin tí àwọn oníkẹ́míìsì ń tà fún ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà, àti pẹ̀lú epo ìpara ọmọ ọwọ́. Kò kan, kò gan. Ohun tó ń gan ni òróró ẹ̀pà àti ti inú ìkòkò ọbẹ̀, tí àwọn kan ń fà sórí gìtá: láìpẹ́ á di alẹ̀mọ́, á sì máa rùn. Kẹrosíìnì kò wúlò fún un. Epo linseed ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gan bí fáníṣì, aṣọ tí wọ́n sì fi nù ún lè gbiná fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ká a jọ síbì kan. Ìpara àga tó ní silicone nínú ló burú jù. Tó bá ti wọ igi, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kun gìtá náà ní ọ̀dà ni wọ́n á mọ̀ pé ọ̀tá ni.

Ìwọ̀nba lórúkọ rẹ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ sórí aṣọ, kì í ṣe sórí igi. Kí wọ́n fà á kárí, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí wọ́n wá fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò títí ọwọ́ kò fi ní yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó, ẹ̀ẹ̀mejì ni kó pọ̀ jù. Jaco Pastorius, tí àwo-orin rẹ̀ ti 1976 yí béèsì padà, kò tilẹ̀ nílò ẹyọ kan nínú rẹ̀. Gbogbo fret ti kúrò lára béèsì Fender Jazz 1962 rẹ̀, wọ́n ti dí ojú ihò wọn, ó sì da epoxy tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń lò lé igi náà, kí okùn onírin roboto má bàa máa jẹ ẹ́. Ojú líle tí epoxy yẹn ní wà lára ohun tó jẹ́ kí béèsì rẹ̀ máa kọrin.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó epo kì í sọ rèé: epo kì í dá omi padà sínú igi. Igi tó gbẹ, omi ló sọnù lára rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ á fa ọ̀rinrin inú ọrùn gìtá, igi á sún kì, ṣùgbọ́n irin kì í sún kì. Etí fret á wá yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, á máa ha àtẹ́lẹwọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí gìtá tí ẹnì kan gbé láti Èkó lọ sí London tàbí Chicago lóṣù December, níbi tí ẹ̀rọ amúlémóoru ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ẹ̀rọ amúlétutù nínú ilé ìjọsìn náà ń gbẹ afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń ṣe gìtá fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni fóòmù kékeré tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fún, tí wọ́n sì fi sínú ilé ọṣẹ oníhò nínú àpótí gìtá tó tì dáadáa. Kí wọ́n sì má tètè gbé fáìlì sí etí fret tó yọ; nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, igi lè wú padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bójú tó ohun èlò orin níjọ àti nínú ẹgbẹ́ olórin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì mímọ́ kan sínú àpò gìtá kọ̀ọ̀kan kó tó di ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì yan ẹnì kan tí yóò máa lò ó lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tó bá ti ra epo sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí gìtá tirẹ̀ sì jẹ́ maple tó ní fáníṣì, kó bun ẹlòmíràn tó ní rosewood, kó fi owó tó kù ra okùn tuntun.